Ìdajì Orí

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lẹ ìwé iṣẹ́ mọ́ ògiri
nílé omi, ní Arákánga:
àmì búlúù fún òwúrọ̀, àmì pupa fún òru.
Mo fi fóònù yà á.
Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mi ní Adátán:
*Ọjọ́rú, láti agogo mẹ́rin. Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀.*
Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ Ọ̀gá Ṣóbándé,
bí ojú ọjọ́ oṣù Agẹmọ ni:
oòrùn láàárọ̀, òjò kí o tó sá aṣọ tán.

Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.
Òótọ́ ni.
Wọn ò wí fún mi pé ọ̀nà méjèèjì
lè máa pè mí ní ìṣẹ́jú kan náà.
Owó oṣù ń ra gààrí, ó ń san owó ilé;
kílípà ló ń san owó ìwé Fadékẹ́mi,
òun ló ń ra oògùn ikọ́ fée ìyá mi.
Èwo ni kí n wá pè ní iṣẹ́, èwo ni kí n pè ní àfikún?

Ọjọ́rú tó kọjá,
Olùkọ́ Lápitẹ́ jókòó sórí àga mi,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Lọ́la ni yóò lọ fojú hàn níbi owó ìfẹ̀yìntì.
"Fá a dáadáa, kí wọ́n má baà ní
èmi kọ́ ni mo wà nínú àwòrán."
Mo ti fá apá òsì dé ìpàkọ́,
fóònù dún.
"Gbádébọ̀, ara ọmọ Mùkáílà ń gbóná, máa bọ̀ báyìí."
Mo ní, Ọ̀gá, orí èèyàn wà lọ́wọ́ mi.
Ó ní, orí ìlú ló wà lọ́wọ́ tèmi.
Ó pa fóònù.

Mo wo apá òsì, ó ń dán bí àpáta lẹ́yìn òjò.
Mo wo apá ọ̀tún, funfun bí òwú tí a kò tíì ká.
Kí n tó la ẹnu, bàbá ti dìde,
ó ti dé fìlà lé ìdajì orí.
"Ṣé kílípà yẹn ń lo bátìrì?"
Ó ń lò ó, sà.
"Ó dáa. Ọ̀kadà dà?"

Àwa mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan,
eruku Ìbẹ̀rẹ̀kodò gba ojú wa.
Mùkáílà ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lẹ́nu géètì,
kò dúpẹ́, eré ló ń sá.
Mo ka gééjì, mo kọ ọ́ sílẹ̀,
mo gbé àga olùṣọ́ sábẹ́ gílóòbù,
mo bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀tún.
Ẹ̀rọ ńlá ń bú, ẹ̀rọ kékeré ń kùn,
irun funfun ń bọ́ sórí kọnkéré ọlọ́rinrin.
Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ wo gééjì,
bàbá á di ojú,
bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de agogo.

"Èmi náà," ló wí, kò la ojú,
"mo ń kọ́ni lọ́sàn-án, mo ń báwọn èèyàn kọ lẹ́tà lóru,
kọ́bọ̀ mẹ́wàá, lẹ́tà kan.
Hẹ́dìmásítà mi gbọ́.
Ó ní kí n bá òun kọ ọ̀kan sí ọmọ òun ní Kánò."
Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín rí.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mo mọ òwe náà.
Ṣùgbọ́n ẹ wo eku kan ọ̀hún,
ẹ wo bó ti rù.

Kò sí dígí níbẹ̀.
Bàbá tẹ̀ sójú gééjì,
ó wo ara rẹ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà.
"Èmi ni," ló wí.
Ó fi owó sáàárín ìwé àkọsílẹ̀ omi, ó lọ.

Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, fóònù tàn:
*Ọ̀la náà, òwúrọ̀. Ṣóbándé.*
Ní Adátán, nínú òkùnkùn, lára ìlẹ̀kùn mi,
ṣọ́ọ̀kì ṣì ń wí fáyé pé:
Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀.