Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.
Ọjà bàbá mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́:
funfun á rìn, dúdú á rìn,
nígbà tí funfun bá rìn lẹ́ẹ̀kẹta
ọba dúdú ò ní ríbi forí pamọ́ sí.
Bí ọ̀nà kejì bá yọjú, àlọ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ní Wismar, létí òkun tútù,
ó ń wọn lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lójúmọmọ;
bílẹ̀ bá ṣú, á to ẹṣin àti ilé-ìṣọ́
sáàárín èèpo ọ̀dùnkún tí ìyá mi bẹ.

Ó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá nídìí ṣẹ́ẹ̀sì.
Ní Breslau ó na ọkùnrin mẹ́sàn-án, ó bá ẹnì kan ta ọ̀mì,
wọ́n fi aago àpò kan ta á lọ́rẹ,
aago tí kì í sòótọ́.
Kò padà síbẹ̀ mọ́.
"Ẹni tí o bá nà," ó ní,
"á máa wò ọ́ bí ẹni tó jí adìẹ rẹ̀ gbé.
Àlọ́ kì í bínú."

Lọ́dún ogun ó kọ àlọ́ sẹ́yìn káàdì
sí Dietlof, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Zürich.
Sójà méjì kanlẹ̀kùn.
Ẹṣin ta ni ń lọ sí f6?
Afárá wo ló ń jẹ́ f6?
Bàbá mi já bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó tọrọ ẹ̀wà gbígbẹ,
ó fi to àlọ́ náà síwájú ọ̀gá wọn.
Ilẹ̀ mọ́ bá wọn nídìí ẹ̀wà.
Ọ̀gá ní, "Máa lọ sílé, Tiedke.
Ṣùgbọ́n má sọ ìdáhùn fún mi o."

Èyí tó fẹ́ràn jù jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Hamburg,
ó gba ogún máàkì.
A fi ra bàtà fún mi.
Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá mi, Ottilie, tí kò ta á rí,
na ọ̀bẹ sí pátákó:
"Bí ọmọ-ogun kékeré yìí bá kọ́kọ́ rìn ńkọ́?"

Bàbá wò ó. Ó tún wò ó.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
n ò sì mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí.
Lọ́jọ́ Ajé ó ta aago àpò, ó dá ogún máàkì padà.
Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ó kú nínú oṣù Ẹrẹ́nà.
Àlọ́ kan ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì kọ orúkọ sí i.
Ìyá mi rí ọ̀nà kan. Èmi rí òmíràn.
A kì í jiyàn.
Bó bá ń nu tábìlì, á nu ún yí pátákó ká,
bí ẹni tó ń rọra kọjá
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ronú.