Aṣọ Ilé

Mi ò tíì kun ohunkóhun.
Aago kan òru ti lù ní Arówómọlẹ̀,
iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀kan.
Ojú ìwé ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Oyèdìran
dúró níwájú mi níhòòhò bí ọmọ tuntun:
lẹ́tà dúdú, ìjápọ̀ aláwọ̀ aró,
àkọlé gàgàrà bí ẹni ń pariwo ní yàrá aláìsàn.

Mo ní kí n kọ́kọ́ wọṣọ ilé fún wọn.
Kì í ṣe aṣọ òde o. Aṣọ ilé:
èyí tí ènìyàn wọ̀ tí àlejò kanlẹ̀kùn lójijì
tí kò fi ní sá wọ yàrá.

Bàbá mi, Gbádéró akọ-pátákó,
kì í ti orí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀.
Pẹ́ńsù ni yóò kọ́kọ́ mú, àti okùn.
Á fa ìlà tí ẹnikẹ́ni ò ní rí lọ́la,
á fi ìka méjì wọn àlàfo,
á ní, "Ibi tí lẹ́tà ò sí ni lẹ́tà ti ń mí."
Mo rò pé àwàdà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí,
mò ń bá a di agolo ọ̀dà mú lọ́nà Ìlọrin.

Ìpínrọ̀, ìwọ ni ma kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ìwọ lo pọ̀ jù.
Tóbi díẹ̀ sí i, kí oòrùn ọ̀sán má gbé ọ mì lójú fóònù kékeré.
Kí ìlà jìnnà sí ìlà,
torí èdè wa dé fìlà, ó tún wọ bàtà:
àmì lórí, kókó kékeré lẹ́sẹ̀.
Bí àyè bá há, bàtà tòkè á tẹ fìlà tìsàlẹ̀,
aláboyún tí a ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá
á máa wá ẹni tó ní ọkọ̀ kiri Tákìé.

Àkọlé, rẹ ohùn sílẹ̀.
A ti mọ̀ pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.
Sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí o bí, jìnnà sí èyí tó ti kọjá.
Àwòrán, má yọrí kọjá fẹ́ǹsì.
Àtẹ ọjọ́ abẹ́rẹ́, yé mọ ògiri méjì sáàárín yàrá,
ẹ pín ọ̀kan lò.

Bọ́tìnì ló yà mí lẹ́nu.
Gbogbo ilé ti gba irú lẹ́tà tí mo yàn,
bọ́tìnì àti àpótí ìkọ̀wé kọ̀,
wọ́n di tàjèjì mú bí ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi.
Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní láti kọ fún wọn: jogún.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Mo wo ọwọ́ ara mi, ó pẹ́.

Ó ku òrùka,
tín-ín-rín, tó máa ń yí ibi tí ènìyàn dé ká.
Kọ́lápọ̀ ní kí n yọ ọ́, kò wu òun lójú.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́.
Mo rántí pé ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ti ń gbọ̀n látọdún tó fẹ̀yìntì,
kò lè di máòsì mú mọ́,
kókó kan ló ń tẹ̀, tó ń tẹ̀,
bí ẹni ń fọ̀pá wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.
Mo jẹ́ kí òrùka nípọn sí i.

Ilẹ̀ mọ́. Kọ́lápọ̀ yọjú, ó ní,
"Kí lo wá fi gbogbo òru ṣe? Kò láwọ̀, kò ní òdòdó."
Nọ́ọ̀sì dé, kò mú jígí jáde nínú báàgì.
Ó tẹ̀, ó tẹ̀, ó dúró.
Ó kígbe sí gbàgede:
"Ọjọ́bọ̀ ni tàwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án o!"
Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.
Kò sọ nǹkan kan nípa àlàfo.

Pátákó kan ṣì wà lọ́nà Ìlọrin.
Ọ̀dà ti ṣí, orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé kà mọ́.
Ṣùgbọ́n bí o bá sún mọ́ ọn dáadáa,
wàá rí ìlà pẹ́ńsù.