Òṣùwọ̀n Kajú

Ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n ra kílò kan lọ́wọ́ mi
nídìí òṣùwọ̀n, nítòsí Tákíè,
lọ́jọ́ Jímọ̀ tí oòrùn ń yan àtàrí ènìyàn bí ẹ̀pà.
Ọgọ́rin kílò.
Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, mo kì í bọ inú tòbí,
mo fi ẹ̀rín kún owó ọlọ́kadà,
mo ra ẹran, mo ra sálúbàtà fún Ìbídùnní.
Lálẹ́ ọjọ́ náà n ò bínú sí ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀fọn pàápàá kọrin, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé ni Oyèdòkun dé láti Ìjẹ̀rù.
N ò bi í léèrè, òun ló la ẹnu rẹ̀:
“Ẹgbẹ̀fà ni mo ta tèmi láàárọ̀ yìí.”
Háà.
Owó mi ṣì wà nínú tòbí, náírà kan ò bọ́,
ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, ó ti fúyẹ́.
Ẹran tó kù nínú ìkòkò di rọ́bà lẹ́nu mi,
sálúbàtà ọmọ wá jọ àlòkù.
Irinwó lórí ọgọ́rin kílò!
Mo ṣọ̀fọ̀ owó tí kò mọ ilé mi rí
títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gba ọ̀nà oko kọjá.
Làmídì jókòó lórí garawa, ó ń wo eérú.
Iná ọdẹ òkété ló kọjá ààlà,
kò ku ewé kan tí bàbá náà lè fi nu ojú.
Mo ní, “Ẹ kú àdánù, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.”
Ẹnu mi ń kẹ́dùn,
àmọ́, kí n má purọ́, bí mo ṣe kẹ́yìn sí i báyìí
ni owó inú tòbí tún wúwo.
Ẹsẹ̀ mi fẹ́ẹ́ jó lábẹ́ ìró.
Mo ní, “Ìwọ ẹsẹ̀ yìí, ojú ò tì ọ́?”

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. N ò bá ìka jà.
Ta ló ní kí n máa wọn tèmi mọ́ tẹlòmíì
kí n tó mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín?
Òṣùwọ̀n ọlọ́jà, ẹrù kan náà, iye kan náà ni.
Èyí tó wà láyà mi yìí, ta ló ń tẹ̀ ẹ́?

Ìbídùnní kọjá, ó ń fi sálúbàtà gbá eruku pupa.
Kò mọ iye tí Oyèdòkun tà,
kò mọ̀ pé oko ẹnìkan jó.
Ó ní, “Ìyá mi, ẹ gbọ́, ó ń dún!”
Lóòótọ́, ó ń dún.