Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Béèlì òkìrìkà ló gbé e gba Ṣẹ́mẹ̀ wọlé,
jẹ́sí aláwọ̀ ewé tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀,
nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn,
orúkọ kan lókè rẹ̀: VALDINEI.
Sènàmi fi owó ẹja ọjọ́ mẹ́ta rà á.
Kò sẹ́ni tó mọ Valdinei lÁgbádárìgì.
Fádínẹ̀ ni ìyá àgbà mi gbọ́ ọ sí,
ó ní ilé wo, nílùú wo, ni wọ́n ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í wọ orúkọ kó má mọ ìtàn rẹ̀.
Bí kò bá sí ìtàn, á dá a.
Ọdún mẹ́rin gbáko, lórí iyanrìn,
Valdinei gbá bọ́ọ̀lù tó fa àwọ̀n ya.
Valdinei fi orí kàn án wọlé láti àárín pápá.
Valdinei yà fún èèyàn mẹ́rin bí akàn, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà.
Àwọn ọmọ Àjárá pàápàá ń tìtorí rẹ̀ jà:
"Èmi ni n ó ṣe Valdinei lónìí!"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
mo ń tukọ̀ àwọn àlejò kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù,
wọ́n fẹ́ rin ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n tà ò gbà padà.
Ọkùnrin kan jókòó tì mí nídìí ẹ́ńjìnì,
àpá orúnkún rẹ̀ dà bí ẹnu àpò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán.
Ògbufọ̀ ní Bùràsíìlì ló ti wá,
bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà kan.
Mo ní, "Ṣé ó lókìkí?"
Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.
"Ní àdúgbò wa, onígbàjámọ̀ kì í gbowó mi.
Bí mo bá sọdá afárá, á ní kí n tò sẹ́yìn."

A gúnlẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti ń lọ lábẹ́ igi àgbọn.
Ó dúró gbagidi,
ẹsẹ̀ kan nínú omi, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀,
ẹ̀yìn Sènàmi ló ń wò.
Ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Ògbufọ̀ ní, "Ó ní òun ni."

Sènàmi wò ó. Ó wo ewú, ó wo ikùn,
ó wo ẹsẹ̀ tó ń tiro.
"Rárá," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àgbà.
"Valdinei ga ju ìyẹn lọ."

Mo rò pé yóò mú fọ́tò jáde, tàbí ìwé ìrìnnà.
Ó kàn jókòó sórí iyanrìn ni,
ó ní kí wọ́n bi ọmọ náà, kí ni Valdinei ṣe?
Sènàmi sì bẹ̀rẹ̀, láti orí àwọ̀n tó ya.
Ó tẹ́tí bí ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ìbátan
tó ti bá ọkọ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́.
Àwọn yòókù lọ, wọ́n bọ̀. Òun ò dé etí òkun.

Nígbà tí a ń padà, ó bi mí, ẹsẹ̀ wo ló fi gbá a,
èyí tó fa àwọ̀n ya?
Mo ní, ẹsẹ̀ òsì.
Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀.
"Èyí?" ló wí. "Èyí ò gba góòlù kan wọlé rí."