Ìṣirò Ulé

Ọ̀súntuyì kápẹ́ńtà gbé àkàbà wọlé láàárọ̀,
ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó yọ orí sínú àjà,
ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òkú àdán kan àti ìròyìn:
"Tíṣà, páànù yìí ti dàgbà jù yín lọ."
Mo ní kó dárúkọ owó. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó.

Ẹfọ̀n la wà, níbi tí ilé ti ń gun ẹ̀yìn ara wọn,
tí ọyẹ́ ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀
bí àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Lóṣù Ọ̀pẹ, ìyá mi a wọ ṣúẹ́tà méjì,
a gbé ìkòkò ẹyin iná sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.
Tó bá di Ẹrẹ́nà, páànù kan náà
a máa ta páá, páá, bí ẹni ń yan àgbàdo;
ìyá mi a dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì bí ẹja.
Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti tútù pàdé, wọn ò jà.
Nínú ilé wa, wọ́n pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́,
wọn ò sì san owó ilé rí.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò;
èyí kò sí nínú ìwé tí mo fi kọ́ wọn.

Bámigbóyè oníná dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í fi owó ṣàwàdà.
Gílóòbù mélòó? Fáànù ńkọ́? Fíríìjì ńkọ́?
Iná wo lẹ fẹ́, ti NẸ́PÀ àbí ti oòrùn?
Mo ní èyí tó bá máa ń wá.
Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, bátìrì méjì, ínfátà kan,
wáyà, irin ìdúró, owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́:
mílíọ̀nù mẹ́ta lé ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún.
"Iye yìí kò kọjá ọjọ́ Ẹtì o.
Tó bá di Ajé, dọ́là lè ti jí."

Ti Ọ̀súntuyì, mílíọ̀nù kan àbọ̀:
sílìn, pákó, páànù tuntun.
Kò tíì ka ikán tí yóò bá níbẹ̀.
Àbúrò mi Fọlárànmí pè láti Jọ́ọ̀sì: "Ẹ wó o. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn."
Ìyá mi gba fóònù: "Ulé bàbá rẹ kọ́ lo máa wó."
Mo fọwọ́ kan ògiri amọ̀, tó nípọn tó apá mi dé ìgbọ̀nwọ́.
Ó tutù bí ẹ̀gbẹ́ àmù.
Èló ni kí n kọ síwájú èyí?
Èló sì ni igi furúùtù tí bàbá mi gé
nítorí pé ewé rẹ̀ ń já sínú gọ́tà?
Mo fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé. Àyè náà ṣì ṣófo.

Ọ̀súntuyì ní, "Ta ló ń sun yàrá tó ní àjà yẹn?"
Kò sẹ́ni. Látọjọ́ ìsìnkú, àga tó kán ló ń sùn níbẹ̀.
"Òun ló tutù jù nínú ilé yín.
Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, òun ni yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù.
Fèrèsé tí wọ́n kàn pa nìkan ni."
Bàbá mi ló kàn án, ìṣó mẹ́fà,
lọ́dún tí olè gbé rédíò.
"Èló?" Kálámù ti wà lọ́wọ́ mi.
Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

Ó fi ẹ̀yìn òòlù fa ìkíní. Ìṣó ké.
Nígbà tí ìkẹfà jáde, afẹ́fẹ́ òkè wọlé,
ó ṣí kàlẹ́ńdà àtijọ́ láti Ògún dé Ọ̀pẹ.

Mo fa igi lé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, mo fi méjì sílẹ̀.
Sílìn ń bọ̀, tí owó ìfẹ̀yìntì bá rántí ọ̀nà.
Ìyá mi kò wo ìwé. Ó ti gbé ìrọ̀rí dé ẹnu ọ̀nà,
ó na ọwọ́ sí Ọ̀súntuyì:
"Ìṣó mi dà? Kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá.
Wọ́n ṣì ṣeé nà."