Ọmọ Tó Ń Nu Ilẹ̀ ní Brandvik

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n gbé ìnulẹ̀ lé mi lọ́wọ́,
ìnulẹ̀ tí igi rẹ̀ ga jù mí lọ.
Ọ̀gbẹ́ni Tveit, tó ń ta katakata fún àwọn àgbẹ̀,
òun ló ní kí ìlú wa náà ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n.
Ó ní, "Ìlú tí kò ní ohun tí yóò máa pariwo lé lórí,
òtútù ni yóò pa á."
Ó sọ ẹgbẹ́ náà ní Agégi,
bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kan ní gbogbo pápá Dàkótà wa
tí ènìyàn lè yọ àáké sí.

Ọdún kìíní, wọ́n lù wá títí ó fi di àwàdà.
Igba ènìyàn ló ń wá wòran,
àádọ́ta nínú wọn, nítorí ẹ̀rọ amúlé-móoru ni.

Ọdún kejì ni Lavelle Pruitt dé láti Gary.
Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, báàgì kan ṣoṣo ló gbé sọ̀ kalẹ̀.
Ó wo yìnyín, ó wò mí, ó ní,
"Àbúrò, ṣé ẹ̀ ń gbé níbí ni,
àbí wọ́n fi ń jẹ yín níyà?"
Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fò,
mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe.
Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dá ohun olóhun padà,
kò fara kan irin,
àwọ̀n nìkan ló mí.

Háà, ọdún yẹn!
Méjìlélógún la borí léraléra.
Pásítọ̀ Lindqvist gé ìwàásù kúrú kó lè tètè rí àyè jókòó.
Bàbá mi, tó jẹ́ pé "Ó dáa" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀,
bàbá mi dìde, ó ké, fìlà rẹ̀ já bọ́,
kò bẹ̀rẹ̀ mú un.
Ibi tí òógùn Lavelle bá kán sí ni mò ń sáré lọ,
mò ń nù ún, mò ń nù ún,
mo rò pé ohun tó bá ń dán kì í gbó.
Ife tí a gbà kò ga ju ìgò mílíìkì lọ.
Orí katakata la gbé e sí, a fi í yí ìlú po
nínú òtútù tó ń gé ni létí.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ní í wó o.
Tiwa, ọ̀dá ló wó o.
Àlìkámà gbẹ lórí ìdúró,
kò sẹ́ni tó ra katakata mọ́,
owó oṣù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,
ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di àwáwí.
Bọ́ọ̀sì wọn kú sójú ọ̀nà Minot,
wọ́n fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ta, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ náà,
àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi jù wọ́n lọ.
Orúnkún Lavelle wú. Kò sí dókítà.
Ìyáàfin Halvorsen tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì
ló ń bu yìnyín lẹ́nu ọ̀nà wá dì í,
yìnyín tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí.

Ó lọ nínú oṣù kejì, kò dágbére.
Rárá, mo parọ́. Ó dágbére fún mi.
Ó ní, "Àbúrò, o fojú fo ibì kan,"
ó na ìka sí ilẹ̀ tó gbẹ, tó mọ́.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo nù ún.
Kí n tó gbójú sókè, ilẹ̀kùn ti pa dé.

Alẹ́ tó kẹ́yìn, ènìyàn mọ́kàndínlógójì.
Mo ka ara mi mọ́ wọn.

Àpò ajílẹ̀ ni wọ́n ń tò sí gbọ̀ngàn náà báyìí.
Mo lọ ra mẹ́fà lánàá.
Lábẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ìlà funfun kan ṣì wà,
ó tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́, ó wọ abẹ́ erùpẹ̀ lọ.
Mo fi etí bàtà nù ún.
Ọmọ tó ń bá mi gbẹ́rù bi mí pé kí ni mò ń wò,
ṣé kó máa gbé e lọ sínú ọkọ̀?
Mo ní, "Ó dáa."