Má Tíì Dá a Padà

Àkọ́rọ̀ òjò ni, ní Ìsánlú, ọjà ti tú.
Mànàmáná já lé wáyà lẹ́yìn ilé-ìwé wa,
ó sáré títí dé orí tiransifọ́mà,
ó ń wá ilẹ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n,
ó sì kan ìwo irin méjì
tó dojú kọra, tí wọn ò fara kanra.
Àlàfo àárín wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Àwa rò pé òfìfo ni.
Ayédọgbọ́n ti Nẹ́pà ní, "Ògiri ni.
Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n."

Gbàù! Ògiri ya.
Okùn funfun kan so ìwo mọ́ ìwo,
mànàmáná rí ilẹ̀ wọ̀, ó ti lọ,
gbogbo ìlú ṣókùnkùn.

Ni wọ́n bá ń pariwo láti ojú fèrèsé:
"Ayédọgbọ́n, ọ̀kún o! Dá iná padà!"
Ó fi ọ̀pá gígùn rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó lórí táyà,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀pà.

"Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ iná.
Ibi tó gbà kọjá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì ń hó,
ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó ti gbó,
ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ń wá èkejì rẹ̀ kiri.
Bí mo bá gbé agbára lé e nísinsìnyí,
ojú àpá yẹn náà ni yóò tún gbà.
Ẹ jẹ́ kó tutù.
Ẹ jẹ́ kí èyí tó ya padà so."

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní yàrá ẹ̀kọ́ kan ní Lọ́kọ́ja,
wọ́n ní kí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tó di ògiri padà
lè má tó kéèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.
Mo délé, mo bi í: kí wá ni ti odidi agolo ẹ̀pà?
Ó wo ọwọ́ rẹ̀, èyí tí ìka méjì ti jóná.
"Ti afẹ́fẹ́ ti tó tipẹ́.
Tèmi ni mo ń dúró dè."

Lánàá, èmi àti Ìbíyẹmí fà á lórí fóònù,
lórí oko káṣú bàbá wa.
Ó sọ èyí tí kò yẹ kó sọ.
Èmi náà, mo dárúkọ ìyá rẹ̀.
Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lójú fóònù, àtàǹpàkò mi wà lókè rẹ̀.
Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀bẹ̀ ni,
ẹ̀bẹ̀ náà sì ń gbóná.

Mo gbé fóònù sílẹ̀.
Ẹ̀pà wà nínú àwo.
Mo bó ọ̀kan.